Ẹ̀kọ́ Wa: Ìyá àti Ọmọ Nínú Igbó

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá wa pé kí a kọ ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta yìí, ó rò pé orí títọ́ ọmọ ni a ó kọ ọ́ sí, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni a ṣe títí a fi fẹ̀yìn tì. Títọ́ ọmọ náà ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ wa ni, ó sì kan ìkórè wa pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Ìwé Mímọ́. Nínú Deuteronomi orí kejìlélógún, ẹsẹ kẹfà àti ìkeje, òfin kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kà kọjá. Ohun tí òfin náà wí ni pé bí ènìyàn bá ṣe alábàápàdé ìtẹ́ ẹyẹ, ìbáà jẹ́ lórí igi tàbí lórí ilẹ̀, tí ìyá ẹyẹ sì sàba lé ẹyin tàbí lé àwọn ọmọ rẹ̀, ẹni náà kò gbọdọ̀ kó ìyá mọ́ ọmọ. Ó lè mú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá gbọ́dọ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni a wá ṣèlérí ire àti ọjọ́ gígùn fún ẹni tó bá pa á mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òfin Mẹ́wàá lórí, níbo ni a tún ti ṣèlérí ọjọ́ gígùn bẹ́ẹ̀? Níbi tí a ti ní kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá ni. Irú ìlérí kan náà ni a so mọ́ òfin méjèèjì. A ti ka Bíbélì yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a tó ṣàkíyèsí èyí kò tíì pẹ́.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ìyá ni a ní kí a dá sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sin adìyẹ mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìyá tó bá lọ yóò tún yé, yóò tún pa. Bí a bá kó ìyá mọ́ ọmọ, ilé náà ti tú nìyẹn. Òfin náà kò sọ pé kí ènìyàn má jẹ ẹran o. Ó ní kí a má jẹ ti òní kí a sì jẹ ti ọ̀la mọ́ ọn.

Kì í sì í ṣe àwọn ará Ísírẹ́lì nìkan ló mọ ọgbọ́n yìí. Ọdẹ ni bàbá tó bí ìyá wa. Bàbá yìí kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a wà ní ọmọdé pé òun kì í yìnbọn fún ẹran tó bá ń fà ọmọ lẹ́yìn. Bí ó bá rí ẹtu àti ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò sọ ìbọn kalẹ̀, yóò wúkọ́ díẹ̀ kí ó lè gbọ́, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ní abiyamọ ni. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, ọta kan ni. Bí ó bá ti yìn ín tán, kí ó tó tún un kì, ẹran tó kù ti dé ìlú mìíràn. Nítorí náà bí àánú kò bá tilẹ̀ sí, ìbọn fúnra rẹ̀ fi nǹkan sílẹ̀ nínú igbó.

Ti ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn agégi ti la ọ̀nà wọ inú igbó, ọ̀kadà sì ń tọ ọ̀nà náà lọ dé ibi tí ẹsẹ̀ bàbá wa kò lè dé láàárín ọjọ́ méjì. Iná tọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú orí àwọn ọdẹ ń mọ́lẹ̀ bí iná ọkọ̀. Wáyà tí wọ́n fi ń dẹ okùn ló burú jù lójú tiwa. Wáyà kò mọ akọ, kò mọ abo, kò mọ aboyún, kò mọ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹni tó dẹ ọgọ́rùn-ún okùn kò lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò lójúmọ́. Ẹran yóò kú síbẹ̀, yóò jẹrà, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi oògùn apakòkòrò oko sínú omi tí ẹran ń mu. Ẹran bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á yan, tí wọn á gbé wá sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí àwa yóò wá ná an.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ tiwa wà, nítorí a kò lè máa kọ́ ènìyàn ní ohun tí àwa fúnra wa kò jẹ́wọ́.

Ní ìkórè ọdún 2022, ọkùnrin kan láti abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé akika kan wá fún gbàǹjo. Akika yìí ni àwọn mìíràn ń pè ní arika, ẹran tí ìpẹ́ bò láti orí dé ìrù. Nínú agbọ̀n ló wà, ó ká ara rẹ̀ jọ rogodo bí bọ́ọ̀lù. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, àwa náà pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe gbàǹjo ní oògùn ni, oúnjẹ ni, ẹran ọlọ́lá ni. Owó rẹ̀ ń gòkè títí ó fi fẹ́ tó ti àgbò kékeré. Àwọn àna wa ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a sì rò pé irú ẹran bẹ́ẹ̀ yóò bu ọlá fún wa. Àwa la rà á. Wọ́n kọrin sí wa títí a fi dé ìjókòó wa.

Nígbà tí a dé ilé, a gbé e sínú ọpọ́n ńlá lẹ́yìnkùlé, a fi agbọ̀n dé e. Ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ọmọ ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sáré wọlé wá pé, "Màmá, ẹ wá wò ó, wọ́n pé méjì." A mú fìtílà jáde. Ẹran náà ti tú ara rẹ̀, ọmọ kékeré kan sì di ìdí ìrù rẹ̀ mú gírígírí. Ìpẹ́ ọmọ náà ṣì rọ̀. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí a fi ń ná an, tí a ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń yí i kiri fún ìjọ wò, ọmọ ló ká mọ́ inú tó ń bò mọ́lẹ̀. Ọmọ ọmọ wa wá béèrè pé, "Ṣé ẹ óò pa ìyá rẹ̀ ni?" A kò rí èsì fún un. A ní kí ó lọ sùn.

A kò lè pa á mọ́. A kò sì mọ ohun tí a ó ṣe. A fún un ní iṣu, kò jẹ. A fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrẹsì, kò jẹ. A po mílíìkì fún ọmọ, kò lá a. Ní ọjọ́ kejì a pe ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí a kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nípa igbó. Ó ní, "Màmá, èèrà àti ikán nìkan ni akika ń jẹ. Kò léyín rárá. Ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́, mò ń bọ̀." Ọ̀nà jìn, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó dé ní ọjọ́ kẹrin, ìyá ti kú lóru ọjọ́ kẹta. Ọmọ ṣì wà ní ìdí ìrù rẹ̀. A kò lè já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, òun náà ti lọ.

Ọmọ wa yìí kò bá wa wí. Ó jókòó, ó mu omi, ó sì sọ fún wa jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé òfin dáàbò bo ẹran náà, àti pé ọ̀pọ̀ akika ló máa ń kú báyìí lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí pé kò rọrùn láti tọ́jú rẹ̀ sílé, àní fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yìn ilé ni a sin ìyá àti ọmọ sí. A se adìyẹ fún àwọn àna wa.

Láti ìgbà náà ni a ti ń béèrè, tí a ń kà, tí a sì ń gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí a rí ni ìwọ̀nyí.

Akika kì í bímọ púpọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ìdí ìrù, ni ọmọ máa ń gùn kiri, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pọn ọmọ. Bí ewu bá dé, yóò ká ara rẹ̀ mọ́ ọmọ, ìpẹ́ rẹ̀ yóò sì wà níta bí apata. Ẹkùn lè yí i títí kí ó má rí i jẹ. Ènìyàn ní tirẹ̀ yóò kàn bẹ̀rẹ̀, yóò sì gbé e sínú àpò bí ẹni gbé àgbọn. Ohun tí Ọlọ́run fi dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹkùn ni ó sọ ọ́ di ohun tí ọmọdé lè gbé lọ́wọ́ wa. Ní ti ìpẹ́ tí wọ́n ń sọ pé oògùn ni, irú ohun tí Ọlọ́run fi dá èékánná àti irun orí wa ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé èékánná lè wo àìsàn, kí ó gé tirẹ̀.

Ẹ̀yà akika mẹ́ta ló wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nínú mẹ́jọ tó wà ní gbogbo ayé. Ní ọdún 2016, níbi ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Johannesburg lórí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní CITES, wọ́n fi òfin de títa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2019, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn aṣọ́bodè ní Singapore gba ẹrù ìpẹ́ akika méjì tó ti Nàìjíríà wá, tó ń lọ sí Vietnam. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ tọ́ọ̀nù 12.9, èkejì sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 12.7. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí akika 17,000 ni wọ́n pa fún ti àkọ́kọ́, àti nǹkan bí 21,000 fún èkejì. Ẹ wá rò ó, ẹran tó jẹ́ pé ọmọ kan ló ń bí.

Nígbà tí a ka èyí, inú wa kọ́kọ́ dùn díẹ̀, kí a má parọ́. A ní, "Ṣé ẹ rí i, àwọn ará òkè òkun ló ń pa á run, kì í ṣe àwa." Ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò pẹ́. Ní ọdún 2025, Dókítà Charles Emogor, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ní Cambridge, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n bá àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ sọ̀rọ̀ ní agbègbè igbó Cross River, wọ́n lé ní 800. Wọ́n rí i pé nínú 100 akika tí wọ́n ń pa níbẹ̀, nǹkan bí 98 ló jẹ́ nítorí ẹran rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpẹ́ ni wọ́n tilẹ̀ ń dà nù. Nǹkan bí 21,000 ni wọ́n fojú bù pé wọ́n ń pa lọ́dún ní agbègbè kan ṣoṣo yẹn. Kì í sì í ṣe pé wọ́n ń wá a lọ. Ọ̀nà oko àti ọdẹ ẹran mìíràn ni wọ́n ti ń pàdé rẹ̀, wọ́n á sì gbé e. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, kí a tó tọ́ka sí ọkọ̀ ojú omi, ẹ jẹ́ kí a wo orí ààrò.

Akika nìkan kọ́. Ìnàkí máa ń tó ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó tún bímọ, nítorí ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀ pẹ́. Ẹni tó bá sì rí ọmọ ìnàkí tàbí ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n so mọ́ igi níwájú ilé ìtura kan, kí ó mọ̀ pé wọ́n sábà máa ń pa ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó lè gbà á, nítorí kò sí ìyá tó máa jọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀. Ní Kàlàbá, àjọ Pandrillus ti ń gba irú àwọn ọmọ òrukàn bẹ́ẹ̀ tọ́ láti ọdún 1991. Nítòsí wa níbí, erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1925. Oṣù méjìlélógún ni erin fi ń lóyún. Àwa tó jẹ́ pé oṣù mẹ́sàn-án ni tiwa, a mọ bí ó ti rí lára.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tó jẹ́ pé ẹran ìgbẹ́ ni ó ń tà ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé, ó dìde, ó ní, "Tíṣà, ẹran yìí ni mo fi rán ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Ẹ̀yin ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Kí ni kí èmi máa jẹ?" Gbogbo ilé dákẹ́. Bí owó ìfẹ̀yìntì ti ń wá kò ṣe é fi yangàn, ṣùgbọ́n a kò bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ni ó sọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹran inú igbó tí kò sì ní gbọ́ ti irú opó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì pé.

Lẹ́yìn ìpàdé ni òun fúnra rẹ̀ wá bá wa nílé, a sì jọ sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní kò sí ẹni tó mọ̀ ju òun lọ pé ẹran ti ń tán. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ òwò, àwọn ọdẹ ìtòsí ló ń gbé ẹran wá fún un kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Nísinsìnyí ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá, èyí tó sì dé a kéré. Ó ní ohun tí òun kì í fẹ́ rí ni kí a la inú ẹran kí a bá ọmọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan máa ń béèrè fún un pé ó dùn, ó rọ̀. Obìnrin ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń béèrè. Ó sọ èyí láì wo ojú wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa parí sí lọ́jọ́ náà kì í ṣe ibi tó ga. Ó ní òun kò ní gba akika mọ́, òun kò ní gba ọ̀bọ, òun yóò sì sọ fún àwọn ọdẹ rẹ̀ pé òun kò ra èyí tó lóyún tàbí èyí tó ń tọ́mọ. Ó fẹ́ gbìyànjú ọ̀yà sínsìn pẹ̀lú. Ọ̀yà yàtọ̀ sí akika: ó ń bí mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwọn ará Benin, aládùúgbò wa, ti ń sin ín nínú ilé láti àwọn ọdún 1980. Koríko ló ń jẹ, igi àgbàdo ló ń jẹ, ìrèké ló ń jẹ. Owó àti fi bẹ̀rẹ̀ ni ìṣòro. Méjì kú nínú mẹ́fà tí ó kọ́kọ́ rà. Ó ṣì ń ta ẹran ọ̀yà inú igbó títí di òní, àwa náà sì ṣì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

A rántí ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ébólà wọ Èkó ní oṣù keje. Ènìyàn mẹ́jọ ló kú ní Nàìjíríà kí a tó borí rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ní àwọn oṣù yẹn, ta ló ń ná ẹran ìgbẹ́? Àwọn aláte ń wo ojú ọ̀nà lásán. Àwọn tó ti ń sọ pé ọbẹ̀ kì í dùn láìsí òkété inú rẹ̀, ẹja ni wọ́n ń jẹ, wọn kò sì kú. Kò sí òfin tó dá wa dúró tó bẹ́ẹ̀ rí; ẹ̀rù ni. Nígbà tí ẹ̀rù lọ, a padà. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnu wa lè dúró bí a bá fẹ́.

Ní ti òfin, ó yẹ kí a mọ̀ pé láti ọdún 1985 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí àwọn ẹran tó fẹ́ run, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Aláìmọ̀kan ni a jẹ́ nígbà tí a ra akika ìkórè. Láti ìsinsìnyí lọ, kò sí ẹni tó ka ìwé yìí tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìkórè yóò jókòó ní oṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì ní kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú èrò rẹ̀ wá ní kíkọ. Nítorí náà kí ẹ jíròrò lórí ìwọ̀nyí ní ìpàdé yín. Ṣé kí ìjọ máa gba ẹran ìgbẹ́ fún gbàǹjo? Bí ọdẹ kan bá fi ọkàn òótọ́ gbé e wá, tó jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ní, báwo ni a ó ṣe dá a lóhùn láìdójú tì í? Ta ni nínú wa tó lè bá ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ dá owó díẹ̀ jọ fún àgò ọ̀yà, kí ó sì padà gbà á nígbà tí wọ́n bá bímọ? Kí àwọn tó ní ọmọdé nílé sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò. Ọmọ ọmọ wa ti kọ tirẹ̀ sínú ìwé, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí alága ìgbìmọ̀ láìsọ fún wa.